Jíìnì tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ ọyàn rìn: ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi?

Àbúrò_Ìyábọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 9:12 òwúrọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹni ọdún 46 ni. Wọ́n gé ọyàn náà kúrò, ó gba kíímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, irun rẹ̀ re, ó tún hù padà. A se ìrẹsì, a pe ará àdúgbò, a dúpẹ́. Ní oṣù tó kọjá ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹrù ọjà la rò pé ó fà á. Ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ náà ti dé egungun.

Ohun tí kò yé mi nìyí: ọyàn tí àrùn wà nínú rẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀. Báwo ló ṣe wá di ti egungun? Mo bi dókítà, ó sì dá mi lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, ojú ń tì mí láti dá a dúró. Mo wá ń kà kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí mo fi kan ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn jíìnì kan (àwọn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣẹ́ ara) wà lára wa tí iṣẹ́ wọn ni pé kí jẹjẹrẹ má tàn ká. Wọ́n dárúkọ NM23, KAI1, KISS1 àti BRMS1. Tí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ bá wà, kí ló dé tí ti ẹ̀gbọ́n mi ò ṣiṣẹ́? Ṣé a bí i mọ́ ọn ni? Ṣé oògùn wà tó lè jí i? Mo ní ọmọbìnrin méjì, èmi náà sì ní ọyàn láyà. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Nọ́ọ̀sì_Àríkẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 9:50 òwúrọ̀

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọlọ́run á wo ẹ̀gbọ́n yín sàn.

Kí àwọn tó mọ̀ nípa jíìnì tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ohun tó wà nínú egungun ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe jẹjẹrẹ egungun. Jẹjẹrẹ ọyàn ni, tó ń gbé inú egungun. Ọmọ Ìbàdàn tó kó lọ sí Kánò, ọmọ Ìbàdàn náà ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ ọyàn ni wọ́n máa fún un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá jẹjẹrẹ náà ń fi họ́mónù ṣe oúnjẹ àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ sì béèrè nípa HER2, purotéènì kan tó máa ń pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì àwọn jẹjẹrẹ ọyàn kan tó sì ń mú kí wọ́n tètè dàgbà. Tó bá ṣeé ṣe láti gé díẹ̀ lára ti egungun yẹn fún àyẹ̀wò, ó dára kí wọ́n ṣe é, torí ó lè ti yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Èyí ni mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé: tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wúwo, tí abẹ́ rẹ̀ bá ń kú, tí kò bá lè tọ̀ tàbí tí kò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ì báà jẹ́ òru. Ó lè jẹ́ pé egungun ti ń tẹ iṣan ńlá inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Mo ti rí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ́jọ́ Ẹtì tí kò lè dìde mọ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Ọmọ_Láàbù | Ọjọ́ Ajé, 1:27 ọ̀sán

Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí. Inú láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi kọ́ ni dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ọdún mẹ́rin kẹ́kọ̀ọ́, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Kí kókó hù nínú ọyàn, ọ̀tọ̀. Kí sẹ́ẹ̀lì inú kókó náà gbéra lọ tẹ̀dó síbòmíràn, ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ méjì ni. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ ti ọyàn dé egungun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já ara rẹ̀ gbà lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dì mọ́ ọn. Yóò jẹ odi tó yí ibẹ̀ ká, yóò lu ihò sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Tó bá dé inú ẹ̀jẹ̀, ìṣàn ń gbá a kiri, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara ń lé e. Tó bá yè é, yóò há síbì kan, yóò tún lu ihò jáde, ibẹ̀ ló ti máa rí i pé ilẹ̀ àjèjì lòun dé. Èyí tó ń kú lójú ọ̀nà ló pọ̀ jù. Ní 1970, Isaiah Fidler ní Amẹ́ríkà fi àmì ìtànṣán sára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ awọ, ó fà wọ́n sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ èkúté. Nígbà tí wákàtí 24 fi pé, èyí tó ṣì wà láàyè kò tó ẹyọ kan nínú 1,000. Èyí tó wá di kókó tuntun kò tó ẹyọ kan nínú 10,000.

Lójú ọ̀nà yẹn ni àwọn jíìnì tí ẹ dárúkọ dúró sí bí asọ́bodè. Ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni pé tí a bá dá wọn padà sínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kókó àkọ́kọ́ á ṣì máa dàgbà bó ṣe ń dàgbà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìtànkálẹ̀ rẹ̀ á dín kù. Ti TP53 àti BRCA1 tí ẹ máa ń gbọ́ yàtọ̀. Iṣẹ́ tàwọn yẹn ni pé kí kókó má tilẹ̀ hù.

NM23 ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ní 1988. Patricia Steeg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Cancer Institute ní Amẹ́ríkà ní oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì tó ti ara kókó awọ èkúté kan ṣoṣo wá. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, àmọ́ àwọn kan ń tàn ká gidi, àwọn kan ń jókòó síbi tí wọ́n bá wọn. Wọ́n wá ibi tí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀. Jíìnì kan ń sọ̀rọ̀ sókè nínú àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ nínú àwọn alárìnkiri. Ní 1991 wọ́n dá a padà sínú alárìnkiri, ìrìn rẹ̀ sì dín kù. Nígbà tí àwọn míì wo jẹjẹrẹ ọyàn ti ènìyàn, wọ́n rí i lára ọ̀pọ̀ obìnrin pé ibi tí NM23 bá ti lọ sílẹ̀ ni àrùn ti sábà máa ń dé kókó abẹ́ abíyá (àwọn kókó kéékèèké tí gbogbo wa ní, tó ń bá wa ṣọ́ ara). Kì í ṣe gbogbo ìwádìí tó tẹ̀ lé e ló bá a mu o, màá padà sórí ìyẹn.

KAI1 tẹ̀ lé e ní 1995, inú jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin nísàlẹ̀ àpòòtọ̀ ni wọ́n ti rí i. Èdè Ṣáínà ni orúkọ rẹ̀: “kang ai”, ohun tó ń dènà jẹjẹrẹ. Ti KISS1 jáde ní 1996 ní ọ̀dọ̀ Danny Welch, ní ìlú Hershey ní Pennsylvania, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ṣokoléètì Hershey's Kisses. Ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Ní 2000, àwọn Welch yìí kan náà rí BRMS1. Wọ́n ti mọ̀ ṣáájú pé tí wọ́n bá ki odindi krómósómù 11 (ọ̀kan nínú àwọn okùn tí jíìnì tò sí nínú sẹ́ẹ̀lì) bọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń tàn ká, ìtànkálẹ̀ rẹ̀ máa ń fi 70 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Wọ́n wá ń tú krómósómù náà wò títí wọ́n fi rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Iṣẹ́ BRMS1 ni láti bá àwọn purotéènì míì dìmọ̀ pọ̀, kí wọ́n jọ pa ẹnu àwọn jíìnì tí alárìnkiri nílò dé.

Bàbá_Olóko | Ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́

Ẹ kú àlàyé. Àgbẹ̀ ni mí, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Aya mi àkọ́kọ́, àìsàn yìí ló mú un lọ, nítorí náà gbogbo ohun tí ẹ kọ ni mo ní kó kà fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ẹ sọ yẹn jọ òwú igi àràbà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, afẹ́fẹ́ a gbé e, a fò kárí oko, a bò ilẹ̀ funfun. Èso wà nínú òwú yẹn o. Ṣùgbọ́n àràbà mélòó ni mo rí tó hù nínú oko mi láti ọgbọ̀n ọdún? Méjì péré, etí odò sì ni méjèèjì wà. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé èso nìkan ni ẹ̀yin ń wò ni, àbí ẹ tún ń wo ilẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ egungun ló lọ, tí kò lọ sí ìka ẹsẹ̀ tàbí ahọ́n?

Ọmọ_Láàbù | Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Ìbéèrè yín yìí, oníṣẹ́ abẹ kan ní London béèrè rẹ̀ ní 1889, Stephen Paget. Ó kó àkọsílẹ̀ obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọyàn pa jọ, ó wo ibi tí àrùn náà dé lára wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kàn ń gbé e kiri lásán ni, ó yẹ kó máa bọ́ sí ibi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ibì kan ló ń lọ ṣáá. Ó ní irúgbìn ń fò lọ síbi gbogbo, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá bá a lára mu nìkan ló ti ń hù. Ti ọyàn, ilẹ̀ tó bá a mu ni egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn jíìnì wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ awọ tó ní KISS1, ó fi ọyàn tàbí awọ sílẹ̀, ó gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, ó dé ẹ̀dọ̀fóró èkúté. Ó jókòó síbẹ̀. Kò kú, kò sì bímọ. Àfi bí èso tó wà nínú ilẹ̀ tí kò rí òjò.

Àǹtí Àbúrò_Ìyábọ̀, ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín ni pé ó ṣeé ṣe kí sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú egungun ẹ̀gbọ́n yín ti débẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ rárá, kó ti máa sùn síbẹ̀. Jẹjẹrẹ ọyàn lè sùn báyìí fún ọdún mẹ́wàá, nígbà míì fún ogún ọdún, kó tó jí. Kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ náà ò dáa. Kì í ṣe ẹrù ọjà, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n yín jẹ tàbí tí kò jẹ.

(Ẹ dárí jì mí, mo kọ “ọyàn tàbí awọ” lókè. Awọ ni. Sẹ́ẹ̀lì awọ ni wọ́n lò.)

Àbúrò_Ìyábọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:18 òwúrọ̀

Mo ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ àná. Ó sunkún. Ó ní láti oṣù tó kọjá lòun ti ń dá ara òun lẹ́bi nítorí àpò ìrẹsì kan tí òun gbé. Ẹ ṣeun gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè mi kan. Ṣé jíìnì náà bàjẹ́ lára rẹ̀ ni? Ṣé àwọn ọmọ mi lè jogún rẹ̀?

Ọmọ_Láàbù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:33 ọ̀sán

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò bàjẹ́. Èyí ló jẹ́ kí n máa fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti àgádágodo pa. Ọjà pé nínú rẹ̀, páálí kan ò sọnù, ṣùgbọ́n oníbàárà ò lè wọlé. Bí NM23 àti BRMS1 ṣe sábà máa ń rí nínú jẹjẹrẹ ọyàn nìyẹn: lẹ́tà DNA wọn, ìyẹn lẹ́tà tí a fi kọ jíìnì, pé, ṣùgbọ́n àwọn àmì kẹ́míkà kéékèèké ti lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn, ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì ò sì ráyè wọlé. Inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà nìkan lèyí ti ṣẹlẹ̀. Ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ti inú awọ rẹ̀, ṣíṣí ni gbogbo rẹ̀ wà. Nítorí náà àgádágodo yìí kì í ṣe ohun tí òbí fi ń lé ọmọ lọ́wọ́.

Èyí tí èèyàn ń jogún ni BRCA1, BRCA2 àti irú wọn, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè nípa ìyẹn nítorí pé ẹ̀gbọ́n yín kò tíì pé 50 ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kàwé ìṣègùn ní Ìbàdàn tó wà ní Yunifásítì Chicago báyìí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà yẹ obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn wò nílé wa níbí. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 15 ló jogún jíìnì tó ní àbùkù. BRCA1 ni ti méje, BRCA2 ni ti mẹ́rin. Ìyẹn pọ̀.

Ẹ béèrè pé ṣé nǹkan kan wà tó lè ṣí àgádágodo. Nínú àwo láàbù, bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2001 wọ́n fi oògùn kan tó ń ṣí irú àmì bẹ́ẹ̀ kúrò sára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn, NM23 sì gbéra sókè, ìrìn wọn lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn Steeg rí i pé ọ̀nà míì tún wà, pé oògùn kan tó ń jẹ́ MPA lè ti NM23 sókè. Wọ́n fún èkúté tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, kókó inú ẹ̀dọ̀fóró wọn dín kù. Àbájáde náà jáde ní 2005, inú gbogbo wa dùn nígbà tí mo kà á ní kíláàsì. Wọ́n wá dán an wò lára àwọn obìnrin tí àrùn wọn ti tàn ká tí kì í ṣe ti họ́mónù. Ìrètí yẹn kò ṣẹ. Èrè tó wà níbẹ̀ kéré jù.

Adúnní_Abẹ́òkúta | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, MPA yẹn, ṣé òun kọ́ ló wà nínú abẹ́rẹ́ Depo tí wọ́n ń gún fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí? Ìyá mi ní jẹjẹrẹ ọyàn, kẹ́míìsì tó wà ládùúgbò wa sì ń tà á. Ṣé mo lè rà á fún wọn?

Nọ́ọ̀sì_Àríkẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:09 ọ̀sán

Rárá, mà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á.

Oògùn kan náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Depo fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, tàbí tó ti ní i rí, kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn ló ń fi họ́mónù ṣe oúnjẹ, họ́mónù sì lohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Àwọn tí wọ́n fi dán an wò, dókítà ló yàn wọ́n, ti họ́mónù kọ́ ni tiwọn, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò lójúmọ́ ju ti abẹ́rẹ́ lọ fíìfíì. Síbẹ̀síbẹ̀, kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ń ka ìjíròrò yìí láti òkè, kó kà á débí.

Adúnní_Abẹ́òkúta | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:15 ọ̀sán

Mo ti gbọ́, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè dá mi lóhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:51 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Láàbù, ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ béèrè nǹkan kan. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi rí BRMS1, MDA-MB-435, ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ ọyàn mọ́? Olùkọ́ wa ní kí a má fi gbára lé nǹkan kan.

Ọmọ_Láàbù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 alẹ́

Òótọ́ lo sọ, àbúrò, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo ayé fi sẹ́ẹ̀lì yẹn ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ọyàn. Láti 2000 ni àwọn tó ń ka jíìnì rẹ̀ ti ń rí i pé ìṣe rẹ̀ jọ ti jẹjẹrẹ awọ, títí tó fi hàn pé òun àti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ awọ kan tí wọ́n ń pè ní M14, ara ẹnì kan náà ni wọ́n ti wá. Kódà ìdánwò kan tí wọ́n ṣe fún NM23 ní 1993, òun ni wọ́n lò. Ó dùn mí, torí àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn, olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n má sọ pé kí a da gbogbo rẹ̀ nù. Wọ́n ti tún BRMS1 dán wò nínú MDA-MB-231, tó dájú pé jẹjẹrẹ ọyàn ló ti wá, àti nínú jẹjẹrẹ ọmú èkúté. Ó dín ìtànkálẹ̀ kù níbẹ̀ náà. Ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti wá ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí o tó lo ọdún mẹ́ta lórí rẹ̀.

Nítorí o béèrè, jẹ́ kí n san gbèsè tí mo jẹ lọ́jọ́ Ajé. NM23 kì í ṣe asọ́bodè níbi gbogbo. Nínú jẹjẹrẹ iṣan ìmọ̀lára kan tó ń mú ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní neuroblastoma, ibi tó bá ti pọ̀ ni àrùn ti máa ń le. Jíìnì kan náà, ilé ọ̀tọ̀, ìwà ọ̀tọ̀.

Oníṣẹ́_Abẹ | Ọjọ́rú, 7:02 òwúrọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Dókítà ni mí, ọyàn ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo gbádùn ìjíròrò yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀, ohun tó fà á rèé.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń fi NM23 tàbí KISS1 pinnu ìtọ́jú aláìsàn. Ohun tí à ń wò ni bí kókó ṣe tóbi tó, kókó abẹ́ abíyá mélòó ni àrùn dé, bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, họ́mónù, àti HER2. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín láti fi yẹ “jíìnì ìtànkálẹ̀” wò kó tó mọ oògùn tó máa fún yín, ẹ pa owó yín mọ́ fún oògùn.

Mo tún fẹ́ sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, kókó wọn ti kọjá inú ọyàn kí wọ́n tó dé. Ọ̀rọ̀ asọ́bodè yìí wúlò jù nígbà tí olè ò tíì jáde kúrò nílé. Kókó tí kò dùn ni kí ẹ tètè gbé wá, torí èyí tí kò dùn ni àwọn èèyàn ń fi sílẹ̀.

Ọmọ_Láàbù | Ọjọ́rú, 7:45 òwúrọ̀

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí dókítà sọ. Níbi kan ṣoṣo ni mo ti ní èrò tó yàtọ̀ díẹ̀, sà: mi ò gbà pé ọ̀rọ̀ jíìnì wọ̀nyí parí tí olè bá ti jáde. Tó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ tuntun ni KISS1 ti ń mú wọn sùn, a jẹ́ pé obìnrin tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti fò lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì hù ló lè jèrè jù lọ́jọ́ tí a bá rí oògùn rẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ láyé. Àwọn ni mo ń ṣiṣẹ́ fún.

Ọmọ_Èkó_Houston | Ọjọ́rú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú àtijọ́ o. Níbí ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ọyàn tó le jù, èyí tí kò ní họ́mónù tí kò ní HER2, àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ló ń mú jù. Ǹjẹ́ àwọn jíìnì yìí ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìyẹn?

Ọmọ_Láàbù | Ọjọ́rú, 9:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín gba sùúrù. KAI1 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn jù. Ní 2006, wọ́n rí ọ̀nà tí KAI1 ń gbà ṣiṣẹ́. Tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ní KAI1 lára bá wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, yóò pàdé purotéènì kan lára ògiri iṣan náà tó ń jẹ́ Duffy. Àwọn méjèèjì á dì mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà á sì dẹ́kun bíbímọ. Nínú èkúté tí wọ́n yọ Duffy rẹ̀ kúrò, KAI1 ò rí ẹni dì mọ́, jẹjẹrẹ sì ń tàn ká.

Ẹ wá wo èyí. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Irú ibà kan tí wọ́n ń pè ní vivax, tó ń yọ àwọn ará Éṣíà lẹ́nu, máa ń gba ara Duffy wọlé, ìdí nìyẹn tí kì í fi í rọrùn fún un láti mú wa. Èèyàn lè wá sáré sọ pé, àhá, a ò ní Duffy, KAI1 wa ò lè ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyípadà tó wà lára wa, bọ́tìnnì tó ń tan Duffy nínú sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan ló pa. Lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ wa, Duffy ṣì wà. Àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà ti rí i pé àìní Duffy nínú ẹ̀jẹ̀ àti irú jẹjẹrẹ tí ẹ sọ yẹn máa ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n pé méjì ń rìn pọ̀ kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló bí èkejì. Mi ò fẹ́ kí obìnrin wa kankan ka èyí kó rò pé ẹ̀jẹ̀ tó bí òun ló dá òun lẹ́jọ́.

Ewé_Ilé_Wa | Ọjọ́bọ̀, 11:11 òwúrọ̀

Ṣé kò lè sí ewé tó ń ṣí àgádágodo yẹn? Bàbá mi àgbà ń wo àìsàn, mi ò sì gbà pé ohun tí wọ́n mọ̀ kéré.

Nọ́ọ̀sì_Àríkẹ́ | Ọjọ́bọ̀, 11:40 òwúrọ̀

Èmi náà ò sọ pé ó kéré. Kíímò tí wọ́n ń pè ní Taxol, ara èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Vincristine, ara òdòdó kan tí àwọn èèyàn ń gbìn sẹ́nu ọ̀nà ilé níbí pàápàá ló ti wá. Ìwọ̀n ni wàhálà. Àgbo tí kò ní ìwọ̀n, tí ẹni tó ń gba kíímò bá mu ún, ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń gbé ẹrù méjèèjì. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ní láti dá kíímò rẹ̀ dúró nítorí pé ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Tí ẹ bá ń mu nǹkan, ẹ sọ fún wa. A ò ní bá yín jà.

Ìyá_Tolú | Ọjọ́bọ̀, 5:25 ìrọ̀lẹ́

Mi ò mọ nǹkan kan nípa jíìnì. Àbúrò_Ìyábọ̀ ni mo wá bá sọ̀rọ̀. Ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró mi láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ti họ́mónù ni tèmi. Oògùn tí mò ń lò, oníhóró ni, àràárọ̀ ni mo ń lò ó kí n tó jẹ ẹ̀kọ mi. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n yí i padà. Oríkèé ara máa ń ro mí, mo máa ń ṣàárẹ̀, àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara mi. Tolú parí ilé ìwé gíga lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sí iwájú, mo wọ aṣọ òfì. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ẹnì kan wà níbí tó ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́.

Àbúrò_Ìyábọ̀ | Ọjọ́ Ẹtì, 8:36 alẹ́

A ti ibẹ̀ dé. Mo kọ ìbéèrè sínú ìwé kí n tó lọ, bí Nọ́ọ̀sì_Àríkẹ́ ṣe ní kí n béèrè. Ti họ́mónù ni ti ẹ̀gbọ́n mi, kò sì ní HER2. Wọ́n ti yí oògùn rẹ̀ padà, wọ́n á sì máa fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú egungun le. Mo béèrè nípa BRCA, wọ́n ní àwọn á kọ ọ́ sínú ìwé fún wa, owó rẹ̀ la fẹ́ wá báyìí. Mo bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo, ó ní rárá, mo sì ti lẹ àwọn àmì tí nọ́ọ̀sì kọ mọ́ ara fíríìjì, kí gbogbo ilé lè mọ̀ ọ́n.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀, mo ka gbogbo ìjíròrò yìí fún un. Nígbà tí mo dé ibi òwú àràbà, ó ní kí n dúró, kí n tún un kà. Ó wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Nítorí náà ó ti pẹ́ tó ti ń sùn síbẹ̀, èmi sì ń jó kiri níbi ìdúpẹ́.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ijó yẹn kò dun òun, òun ì bá tún jó o.

Ó ní kí n kí Bàbá_Olóko, kí n sì béèrè lọ́wọ́ Ìyá_Tolú irú ẹ̀kọ tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú oògùn, torí pé èébì ń gbé òun. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la máa padà lọ fún ìtànṣán ẹ̀yìn.

Ìyá_Tolú | Ọjọ́ Ẹtì, 8:52 alẹ́

Ẹ̀kọ ògì funfun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ má fi ṣúgà sí i, kí ẹ bu ata ilẹ̀ (jínjà) tí ẹ gún kúnná díẹ̀ sí i. Kó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá mi kí i gan-an.